Àbúrò Mi, Ààfáà Àgbà

Ohùn ìyá mi ni mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́ tí mo bá ronú kan ilé wa ní àdúgbò Sakasaka, ní Tamale ilẹ̀ Ghana. Wọ́n á dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ọmọrogùn tí túwó ṣì lẹ̀ mọ́ á wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n á sì máa ké sí àgbàlá pé: "Ààfáà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lórí ògiri yẹn! Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n nà yín lónìí o!" Àlejò tó bá ń kọjá lójú títì lè rò pé bàbá arúgbó kan tí orí rẹ̀ ti dàrú ló gun ògiri. Àbúrò mi ni. Kò ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ nígbà náà, ikun imú rẹ̀ kì í sábà gbẹ, orúnkún rẹ̀ kì í sì í wà láìní egbò.

Bàbá tó bí bàbá mi ni gbogbo ènìyàn ń pè ní Ààfáà Àgbà. Ìlọrin ni wọ́n ti wá sí Tamale nígbà tí wọ́n ṣì wà ní ọ̀dọ́. Wọ́n ń kọ́ ọmọ ní Kùránì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé, wọ́n sì ń parí ìjà fún àwọn ará wa àti fún ẹnikẹ́ni ní àdúgbò tó bá fẹ́ kí a bá òun parí ìjà. Lọ́dún tí ìjọba Ghana ní kí àwọn àjòjì kó jáde, wọ́n kó lọ pẹ̀lú àwọn yòókù. Nígbà tí ara ìlú rọ̀, wọ́n padà wá, wọ́n sì bá ilé wọn bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀, nítorí pé Dagomba kan, ọmọ onílẹ̀, tí wọ́n ti parí ìjà ìdílé rẹ̀ rí ló bá wọn gbá àgbàlá rẹ̀. Wọ́n kú ní oṣù díẹ̀ kí ìyá mi tó bí àbúrò mi. Orúkọ wọn ni wọ́n sì sọ ọmọ náà.

Ẹni tó bá ti gbé nínú ilé Yorùbá mọ ohun tó tẹ̀ lé e. Obìnrin kì í pe orúkọ bàbá ọkọ rẹ̀, ì báà jẹ́ pé ọmọ ọwọ́ ló ń jẹ́ orúkọ náà. Ìyá mi bí ọmọ, wọn kò sì lè pè é lórúkọ. "Ààfáà" ni wọ́n ń pè é, a sì tẹ̀ lé wọn. Iléèwé nìkan ni mo ti ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ gan-an, nígbà tí tíṣà bá ń pe orúkọ láàárọ̀, ó sì máa ń dà bí ẹni pé ọmọ ẹlòmíràn ni wọ́n ń pè.

Ìyá àgbà wa, tí wọ́n jẹ́ opó Ààfáà Àgbà, tún wá ṣe tiwọn ju ti gbogbo wa lọ. Ọkọ wọn ni wọ́n ka ọmọ náà sí, wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ ṣe é bí ẹni ń ṣeré. Láàárọ̀, kí wọ́n tó fi omi yọ ẹnu, wọ́n á kúnlẹ̀ kí i níbi tó jókòó sí tó ń jẹ kóòsé, ìyẹn àkàrà.

"Ọkọ mi, ṣé ẹ jí ire?"

"A dúpẹ́," ni yóò sọ, kóòsé á kún ẹnu rẹ̀. "Ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ńkọ́?"

"Ó ti ń lọ sílẹ̀. Ìgbà wo lẹ wá máa ra léèsì tí ẹ ṣèlérí fún mi?"

"Tí mo bá dàgbà."

"Ẹ tún ń dàgbà ju báyìí lọ?"

Ilé á rẹ́rìn-ín. Òun kì í rẹ́rìn-ín. Á mi orí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń ro iye léèsì lọ́jà, á sì tún bu kóòsé jẹ.

Èmi ni àkọ́bí ilé, obìnrin ni mí, mo sì fi nǹkan bí ọdún márùn-ún jù ú lọ. Èmi kì í kúnlẹ̀ fún un. Tí ìyá àgbà kò bá sí nítòsí, mo máa ń rán an níṣẹ́, mo sì máa ń gbá a lórí tó bá pẹ́. Mo gbà pé àwọn àgbà ń tan ara wọn jẹ ni. Mo ní ẹ̀rí tó lágbára: mo mọ̀ pé Ààfáà Àgbà ṣì ń tọ̀ sórí ẹní. Èmi ni mo ń jí ká ẹní náà kí ìyá mi tó jáde, tí mo sì ń lọ sá a sẹ́yìn ilé lábẹ́ igi dógóyárò. Mo rò pé ẹni tó bá mọ irú nǹkan yẹn nípa ènìyàn ti mọ gbogbo ohun tó yẹ kó mọ̀ nípa rẹ̀. Mo jẹ́ ọmọbìnrin tó dá ara rẹ̀ lójú gan-an nígbà náà.

Síbẹ̀, mo ń wò ó, mo sì ń rí ohun tí n kò lè túmọ̀. Ìyá àgbà kì í yé sọ ìtàn ọkọ wọn. Wọ́n á ní Ààfáà kì í sáré sọ̀rọ̀. Wọ́n á ní tí wọ́n bá gbé ẹjọ́ wá, Ààfáà á kọ́kọ́ mu omi, á di ojú, lẹ́yìn náà ni á bi ẹnì kọ̀ọ̀kan ohun tó ń bà á lẹ́rù nínú ọ̀rọ̀ náà. "Kì í bi wọ́n pé ta ló jẹ̀bi," ni wọ́n máa ń wí. "Ó ní ẹ̀rù ló ń gbé ènìyàn jà." Àbúrò mi á jókòó ti ẹsẹ̀ wọn, á máa gbọ́. Kò pẹ́ tí mo fi rí i tó ń bá àwọn ọmọ àdúgbò parí ìjà lórí táyà kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń yí káàkiri. Ó ní kí wọ́n jókòó. Wọ́n jókòó! Ó di ojú, ó sì bi wọ́n ní Hausa tí gbogbo àdúgbò ń sọ pé kí ló ń bà wọ́n lẹ́rù. Ọ̀kan ní ẹ̀rù ń ba òun pé tí òun bá yá èkejì ní táyà náà, kò ní bá òun ṣeré mọ́. Táyà náà di ti àwọn méjèèjì lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn.

N kò fẹ́ sọ ju ohun tí mo mọ̀ lọ. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé onísùúrù ni wọ́n bí i, tí orúkọ náà kàn wá bá ìwà rẹ̀ mu. Ohun tí kì í jẹ́ kí n gba èyí pátápátá ni iléèwé. Ọgbà kan náà ni àwa ti JSS àti àwọn ti pírámárì jọ ń lò, mo sì máa ń rí i níbẹ̀. Ẹ̀yìn ló ń jókòó sí. Tí tíṣà bá bi í ní ìbéèrè, á dìde, á kó ọwọ́ sẹ́yìn, á máa wo àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀, ohun tó bá sì sọ, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò ní gbọ́ ọ. Ọmọ kan náà ni, ọjọ́ kan náà ni. Láàárín ilé wa sí iléèwé, kò ju kí ènìyàn gba iwájú ilé mélòó kan kọjá lọ.

Nígbà tí mo ṣe ìdánwò JSS tán, mo yege. Iléèwé àwọn obìnrin kan ní apá gúúsù gbà mí, níbi tí àwọn ọmọ ti ń gbé inú ọgbà, tí ènìyàn á fi odidi ọjọ́ kan wọ mọ́tò kó tó débẹ̀. Inú mi dùn fún ìrọ̀lẹ́ kan péré. Lọ́jọ́ kejì, ẹni tó ti Ìlọrin dé jíṣẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin pé kí wọ́n mú mi wá sọ́dọ̀ àwọn. Wọ́n ń ta aṣọ, wọ́n nílò ọmọ tí wọn yóò kọ́, wọ́n sì ti rí ilé tó dára tí mo lè wọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìyàwó tó bá yá. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé kò sí ìpadàbọ̀ nínú irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀. Tí mo bá lọ Ìlọrin, ìwé ti parí fún mi nìyẹn.

Bàbá mi, tí wọ́n ń ta páàtì kẹ̀kẹ́ àti ti alùpùpù lọ́jà, kì í ṣe ẹni tó kórìíra ìwé. Wọn kò kàn fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbọ́n wọn lẹ́nu, wọn kò sì fẹ́ rán ọmọbìnrin lọ síbi tí kò sí ẹbí kankan. Ìyàwó ilé ni ìyá mi. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ wọn títí yóò fi parí. Ìyá àgbà ló ni ọ̀rọ̀, ọkàn wọn sì wà ní Ìlọrin. Àmọ́ nígbà tí bàbá mi bi wọ́n pé kí ni kí àwọn ṣe, wọ́n ní: "Ṣé èmi ni mo ni ilé ni? Bó bá di Jímọ̀, a ó bi ọkọ mi."

Èyí kì í ṣe àwàdà. Tí ọmọbìnrin bá fẹ́ kúrò nílé, ẹni tó bá ń jẹ́ orúkọ olórí ìdílé ni wọ́n ń bi kẹ́yìn, wọ́n á gbé obì síwájú rẹ̀, ohun tó bá sọ ni wọ́n á ṣe. Wọ́n ti ṣe é fún àbúrò bàbá mi obìnrin nígbà tó ń lọ ilé ọkọ. Ọdún mẹ́rin ni Ààfáà wa nígbà náà. Ó ní kó lọ, ó sì tún ní kó ra bọ́ọ̀lù bọ̀. Wọ́n ra bọ́ọ̀lù.

Ìdí nìyí tí ọkàn mi fi balẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti bọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo ra kóòsé gbígbóná ní òpópónà, mo mú àbúrò mi lọ sábẹ́ igi dógóyárò, mo sì bá a sọ̀rọ̀ bí ẹ̀gbọ́n ṣe ń bá àbúrò sọ̀rọ̀.

"Ìwọ, gbọ́. Tí wọ́n bá bi ọ́ ní Jímọ̀, sọ pé kí n lọ sí iléèwé. Ṣé o gbọ́?"

Ó jẹ kóòsé náà tán kó tó dáhùn. "Mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀."

"Kí ló dé?"

"Ta ló máa bá mi ṣe ìṣirò?"

"Wàá kọ́ ọ fúnra rẹ."

"Ta ló máa ká ẹní mi?"

Mo bi í bóyá Ìlọrin ló fẹ́ kí n lọ nígbà náà.

"Mi ò fẹ́ Ìlọrin náà. Dúró síbí, Àǹtí. Mà á ní kí o dúró síbí."

"Wọn ò ní jẹ́ kí n dúró síbí! Tí o bá ní kí n má lọ sí iléèwé, Ìlọrin ni wọ́n máa kó mi lọ."

"Mà á ní kí o dúró síbí," ló tún wí, omi sì ti ń yọ lójú rẹ̀.

Mo pè é ní atọ̀ọ́lé. Mo tún sọ àwọn nǹkan mìíràn, mo sì lọ. Bí mo ṣe ń rìn padà wọlé ni mo mọ̀ pé mo ti fi ọwọ́ ara mi ba nǹkan jẹ́. Láti ọjọ́ náà títí di Jímọ̀, kò bá mi sọ̀rọ̀. Ó ń ká ẹní rẹ̀ fúnra rẹ̀, kò sì ká a dáadáa.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti mọ́sáláṣí dé, wọ́n tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí Ààfáà Àgbà ti ń jókòó tẹ́lẹ̀. Bàbá mi àti ìyá àgbà jókòó. Ìyá mi dúró ti ilẹ̀kùn, ẹsẹ̀ kan níta, ẹsẹ̀ kan nínú. Ẹnì kan tí wọn kò pè náà dé: tíṣà mi, tí wọ́n tún ń kọ́ kíláàsì àbúrò mi ní ìṣirò, ọkùnrin Dagomba kan tó gun alùpùpù rẹ̀ wá láti àdúgbò Kanvili nítorí ó ti gbọ́ pé wọ́n fẹ́ mú mi lọ. Tíṣà fẹ́ bẹ bàbá mi. Bàbá mi bọ̀wọ̀ fún wọn, wọ́n ní kí wọ́n jókòó, wọ́n sì ṣàlàyé fún wọn ní Hausa pé àwọn ń dúró de Ààfáà ni.

Àbúrò mi jáde. Jálàbíà funfun ló wọ̀, fìlà tó dé sì ti tóbi jù, etí rẹ̀ nìkan ni kò jẹ́ kó já bọ́ sí ojú. Ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó gbé àyà síwájú. Ó sì rí tíṣà.

"Áà, ìwọ!" ni tíṣà wí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. "Ìwọ ni Ààfáà? Níbo ni iṣẹ́ tí mo ní kí o ṣe nílé lánàá wà?"

Kò sí ẹni tó lè rí i ju èmi lọ, nítorí ojú rẹ̀ nìkan ni mò ń wò. Gbogbo ara rẹ̀ kéré sí i. Ó kó ọwọ́ sẹ́yìn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọmọ kíláàsì ló dúró níwájú wa, ọmọ kíláàsì náà sì jẹ́ àbúrò mi tó fẹ́ kí n dúró ká ẹní fún òun. Mo mọ ohun tí ọmọ yẹn máa sọ. Ìyá àgbà yóò gbọ́ ọ, wọ́n á ní ọkọ àwọn kò fẹ́ iléèwé, kí á sì tó sọ òmíràn, ẹrù mi ti wà nínú mọ́tò Ìlọrin.

Ìyá àgbà kọjú sí tíṣà, wọ́n sì sọ̀rọ̀ sí wọn ní Hausa, ohùn wọn kò lọ sókè. Wọ́n ní ọmọ tí tíṣà mọ̀ wà ní iléèwé. Ẹni tó wà níbí yìí ni ọkọ àwọn. Tíṣà wò wọ́n, wọ́n wo ọmọ náà, ẹ̀rín sì kúrò lójú wọn díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní àwọn tọrọ àforíjì, pé ní ilé àwọn náà, ọmọ kan wà tí bàbá àwọn ń pè ní "yaba", tó túmọ̀ sí bàbá àgbà ní èdè wọn, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ lù ú. Àmọ́ nǹkan ti bàjẹ́. Àbúrò mi jókòó, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn.

"Omi," ni bàbá mi wí fún mi. "Gbé omi wá."

Mo lọ bu omi nínú àmù. Mo fi igbá gbé e wá, bí mo ṣe máa ń gbé e fún àlejò. Mo lè dúró fà á lé e lọ́wọ́, bí mo ṣe máa ń ṣe. Mo kúnlẹ̀. Orúnkún méjèèjì ni mo fi kúnlẹ̀, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé igbá náà sókè.

"Ààfáà," ni mo wí, "omi yín rèé."

Ó gbé ojú sókè, ó wò mí. N kò mọ ohun tó rí. Mo mọ̀ pé ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ni mo fi bẹ̀rẹ̀ nígbà tí mo ṣì wà nídìí àmù. Mo ti rò ó pé bí àbúrò mi kò bá ní ràn mí lọ́wọ́, kí n wá ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n níbi tí mo kúnlẹ̀ sí, tí mò ń wò ó láti ìsàlẹ̀ lọ sókè fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, n kò rántí ẹní, n kò rántí kóòsé. Ẹ̀rù ẹni tó fẹ́ dájọ́ mi ń bà mí.

Ó na ọwọ́ wá sí iwájú, ó gba igbá, ó mu omi. Ó di ojú.

"Kí ló ń bà yín lẹ́rù nínú ọ̀rọ̀ yìí?" ló wí, ó sì yí sí bàbá mi.

Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n tún fìlà orí wọn ṣe, wọ́n ní: "Ààfáà, ẹnu ayé ni. Tí nǹkan bá ṣe é lọ́nà ibẹ̀, wọ́n á ní mo fi ọmọ mi tọrẹ."

Ó yí sí ìyá àgbà. "Ọkọ mi, àwa méjì la kúrò ní Ìlọrin. Èmi nìkan ló kù. Tí kò bá sí ẹni tó padà síbẹ̀ nínú àwọn ọmọ wa, wọ́n á gbàgbé pé a ti ibẹ̀ lọ rí."

Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ kàn mí. Mo ti ń bínú sí wọn fún ọjọ́ púpọ̀.

Lẹ́yìn náà, àbúrò mi ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò retí. Ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà, sí ìyá tó bí i lọ́mọ. "Ìyàwó wa," ló wí, "ìwọ ńkọ́?"

Bàbá mi fẹ́ sọ̀rọ̀, ìyá àgbà sì gbé ọwọ́ sókè dá wọn dúró. Ìyá mi kúnlẹ̀ síbi tí wọ́n wà. Ìyàwó kò lè ta ko ìyá ọkọ rẹ̀ nínú ilé wa. Ṣùgbọ́n bí bàbá ọkọ bá bi í ní ìbéèrè, kò sì lè dákẹ́.

"Ẹ̀rù ń bà mí, Ààfáà," ni wọ́n wí, "kó má lọ dà bí èmi. Tí ìwé bá dé láti ibì kan, mo máa ń dúró kí ọmọ ti iléèwé dé kí n tó mọ̀ bóyá ayọ̀ ni tàbí ẹkún."

N kò tíì gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu wọn rí. N kò rò pé bàbá mi gbọ́ ọ rí. Tíṣà, tí kò gbọ́ Yorùbá, ń wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àbúrò mi tún di ojú. "Ẹ jẹ́ kó lọ sí iléèwé," ló wí. "Tó bá ṣe tán, kó lọ kí wọn ní Ìlọrin." Ó mú obì, ó pa á, ó fún ìyá àgbà ní awẹ́ kan. Ìyá àgbà fi aṣọ nu ojú, wọ́n sì sọ fún bàbá mi pé: "O gbọ́. Ó ti sọ ọ́." Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún tíṣà, tíṣà sì yọ fìlà wọn fún ọmọ tí wọn yóò bi ní ìṣirò ní ọjọ́ Ajé.

Nígbà tó yá, mo wá a lọ. Ó wà lẹ́yìn ilé, ó ti bọ́ jálàbíà náà, ṣòkòtò péńpé nìkan ló wà nídìí rẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọ tí wọ́n nà. Mo ní kó dákẹ́, mo ní n ó máa wá ní gbogbo ìgbà ìsinmi. Ó ti ọwọ́ mi kúrò lára rẹ̀.

"Kí ló dé tí o kúnlẹ̀ fún mi?" ló wí. "Kí ló dé tí o ṣe bẹ́ẹ̀?"

Mo lọ sí iléèwé náà. Láti ibẹ̀ ni mo ti lọ sí yunifásítì. Mo sì lọ kí wọn ní Ìlọrin lọ́dún tí mo ń dúró de yunifásítì, ìyá àgbà ṣì wà láyé, mo sì gbé iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀ bọ̀ fún wọn láti àgbàlá tí wọ́n ti gbé wọn níyàwó. Ní yunifásítì, a kọ́ nípa bí ipò tí a bá gbé ènìyàn sí ṣe ń yí ìrònú rẹ̀ padà, àti bí àwọn tó yí i ká ṣe ń kọ́ ọ ní ohun tó mọ̀ láìmọ̀ pé àwọn ń kọ́ ọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń jiyàn. Àwọn kan ní ìwà gidi ti ènìyàn wà nísàlẹ̀, pé ipò kàn dà bí ẹ̀wù tó wọ̀ lé e ni. N kò dá sí i. Mo ń ronú pé, nínú ọmọ kíláàsì àti Ààfáà tó jókòó nínú ara kan náà lórí ẹní lọ́jọ́ náà, èwo ni ẹ̀wù?

Mo ti gbìyànjú láti wá ọ̀nà mìíràn tí nǹkan náà lè gbà ṣẹlẹ̀. Ó lè jẹ́ pé àánú mi ṣe é. Ó lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ìyá wa ló yí i lọ́kàn padà. N kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kì bá ti lè bi ìyá wa ní ìbéèrè yẹn gẹ́gẹ́ bí ọmọ wọn, ìyá wa kì bá sì ti lè dá ọmọ wọn lóhùn bẹ́ẹ̀ níwájú ìyá ọkọ wọn. Gbogbo wa pátá la fọwọ́ sí i kí ẹnì kan tí kò sí nílé lè bá wa sọ̀rọ̀.

Ìyá àgbà ti kú báyìí. Àbúrò mi ń tún alùpùpù ṣe ní àdúgbò Nyohini, ó ga jù mí lọ, òróró ẹ́ńjìnnì kì í kúrò ní èékánná rẹ̀. Nígbà tí mo parí iṣẹ́ ìsìnlú tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn yunifásítì ní ọdún tó kọjá, mo lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọjọ́ Jímọ̀ yẹn. Ó tẹ̀ba sórí alùpùpù kan, ó ń tú nọ́ọ̀tì.

"Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi," ló wí. "Èmi fẹ́ kí o dúró sílé. Mo fẹ́ ẹ gan-an ni."

"Kí ló dé tí o fi sọ pé kí n lọ?"

"Kì í ṣe èmi lẹ bi." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ká ní èmi lẹ bi ni, wàá ti bímọ mẹ́rin ní Ìlọrin."

Àwọn ènìyàn máa ń bi mí, pàápàá àwọn obìnrin zóńgò, àdúgbò àwa àjòjì, tó ní ọmọbìnrin, pé ta ló rán mi lọ sí ilé ìwé gíga. Ìbéèrè tó rọrùn ni, bàbá mi ni wọ́n sì retí kí n dárúkọ. Mo máa ń dárúkọ wọn, nítorí pé àwọn ló san owó, wọ́n sì yẹ fún ọpẹ́. Ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kí n tó dáhùn. Ní àárín ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn, mo máa ń wá ẹni tí ọpẹ́ náà tọ́ sí gan-an, láàárín bàbá arúgbó kan tí ó ti kú kí ó tó mọ̀ pé mo lè kàwé, àti ọmọ ọdún mẹ́wàá kan tí kò fẹ́ kí n lọ.